Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró àti Àmù Àníkẹ́

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, iṣẹ́ ìkòkò mímọ ló ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò níbẹ̀ kò gba ìjókòó. Ìkòkò á dúró sójú kan, amọ̀kòkò ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò fi àkísà tútù di ẹnu ìkòkò mú, tí yóò sì máa fi ẹ̀yìn rìn yí i po títí ẹnu náà yóò fi dán. Láti ìgbà wúńdíá ni Àwẹ̀ró ti ń fi ẹ̀yìn rìn bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Fátókun, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí a bá to gbogbo ìrìn náà pọ̀, ìyàwó òun ì bá ti padà dé ilé baba rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Àṣà kan tún wà nílùú náà. Ọmọ-ọmọ obìnrin tó bá kọ́kọ́ fẹ́ relé ọkọ, ìyá àgbà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ àmù tí yóò gbé lọ. Bí ọwọ́ mìíràn bá mọ ọ́n, wọn kì í kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó á máa mu omi inú rẹ̀ bí ẹni tó tọrọ omi lọ́wọ́ aládùúgbò. Àníkẹ́ ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ-ọmọ Àwẹ̀ró, lẹ́yìn ìkórè iṣu ni wọ́n sì fi ìgbéyàwó rẹ̀ sí. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń sọ fún un pé, "Àmù rẹ ń bẹ lọ́wọ́ mi."

Ọjọ́ tó fẹ́ mọ àmù yìí gan-an ló ṣubú. Ó ti gbé ara àmù dúró, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i po, kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọ́ èkejì. Ó jókòó gbì sórí àmù tútù, àmù sì rún mọ́ ọn lábẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ amọ̀, kò fara pa. Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó sì figbe ta: "Ilẹ̀ yìí ló ń yọ̀! Ẹ gbé amọ̀ mìíràn wá!" Wọ́n gbé e wá. Kí oòrùn tó wọ̀, ó tún ti ṣubú.

Fálọlá, ọmọ rẹ̀, ìyá Àníkẹ́, kúnlẹ̀ tì í, omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tó báyìí. Egungun àgbà kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Èmi ni n ó mọ àmù náà."

Àwẹ̀ró lọ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló sì ń wà lójoojúmọ́. Ohunkóhun tó bá fẹ́, wọ́n á gbé e wá bá a. Kò pẹ́ tó fi di pé ògiri ló ń dì mú kó tó lè dé ẹ̀yìnkùlé. Inú Fátókun bàjẹ́. Kì í ṣe ti àmù ló dùn ún jù. Orin ni obìnrin yìí máa ń fi jí i láràárọ̀, orin sì ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo Dèjì, àbíkẹ́yìn Fálọlá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Fátókun na àgbàdo sísun sí i láti òkèèrè. "Tẹ̀ẹ́tẹ́! Tẹ̀ẹ́tẹ́!" Ọmọ gbé ẹsẹ̀, ó ṣubú. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára àgbàdo. Ó dìde, ó tún ṣubú, ó tún dìde, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba àgbàdo.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú. "Ẹ wo ọmọ yìí, Bàbá Fálọlá. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo ohun tó gbé e ṣubú."

"Kí ló fẹ́ wò? Àná ni wọ́n bí i, kò tíì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ni ohun tó ń fẹ́ wà. Ìwọ ńkọ́, Àwẹ̀ró? O ṣubú, o tún ṣubú, amọ̀ mìíràn lo ń pariwo. Ṣé o ti wo ẹ̀yìn wò?"

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára díẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ògiri mú, ó lọ sí ebu tó ti ń mọ ìkòkò. Kò sí ẹni tó gbá ibẹ̀ láti ọjọ́ náà. Amọ̀ tó ta sílẹ̀ ti gbẹ, ipasẹ̀ rẹ̀ sì hàn nínú rẹ̀ kedere. Kò rí òkúta, kò rí gbòǹgbò. Ohun tó rí ni pé ẹsẹ̀ òun kò kúrò nílẹ̀ rárá, ńṣe ló ń wọ́ ọ. Ó dúró, ó ronú. Ẹsẹ̀ yìí náà kọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò amọ̀, tó sì ń gun òkè bọ̀ tòun tẹrù? Ìgbà wo ló ti gun òkè náà kẹ́yìn? Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti dàgbà ni wọ́n ti ń bá a ru amọ̀, tí wọ́n ń bá a pọnmi, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ bá a lórí ìjókòó. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò ríṣẹ́ ṣe ti gbàgbé iṣẹ́.

Ó padà lọ bá ọkọ rẹ̀. "Kì í ṣe ilẹ̀ o, Bàbá Fálọlá. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ tó sùn lọ."

"Bó bá sùn, a ó jí i," ni Fátókun wí.

Láti ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró á di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, Fátókun á sì máa kì í: "Àwẹ̀ró, ọmọ a-fọwọ́-amọ̀-gba-ọlá, ọmọ a-pọnmi-fálejò-kó-tó-bèèrè…" Ibi tí oríkì bá parí sí ni ẹsẹ̀ yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, oríkì kì í dé ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń já. Nígbà tó yá, ó fi òpó sílẹ̀, ó ń dúró títí oríkì fi ń kan ìdílé ìyá rẹ̀, Fátókun sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àjèjì kún un kó lè gùn sí i.

"Ta ni Akínlóyè yẹn?" Àwẹ̀ró bi í lórí ẹsẹ̀ kan.

"Ìbátan rẹ ni. Gbé ẹsẹ̀ sókè, jàre."

Ó ń dìde lórí àpótí láìfọwọ́ ti nǹkan. Ó ń rìn, gìgísẹ̀ kan á kan ọmọ ìka èkejì, bí ẹni tó ń gba orí igi sọdá odò. Nígbẹ̀yìn, ó dojú odó dé, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i po. Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín pé ìyá àgbà àti Dèjì jọ ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ́. Èsì Àwẹ̀ró ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bá wa pàtẹ́wọ́." Nígbà tí ìkórè fi dé, ó ti ń bá àwọn ọmọ lọ sí kòtò amọ̀, ó sì ń ru tirẹ̀ bọ̀.

Ọjọ́ àmù pé. Fálọlá dúró ti ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan tó ń já bọ̀. Àwẹ̀ró gbé ara àmù dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó ń fi ẹ̀yìn rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ku díẹ̀ kí ẹnu àmù dán ni Dèjì sáré wọlé pẹ̀lú ìrìn rẹ̀ tí kò tíì dúró. Amọ̀ tó ń dán ló ń wò. Ó ṣubú gbì sẹ́yìn ìyá àgbà, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ balẹ̀ sí gan-an.

Fálọlá kígbe. Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn, ó sì rí ọmọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò lè sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kò sì lè fara ti àmù tútù. Ó dá ẹsẹ̀ náà dúró sófuurufú. Dèjì tó fẹ́ dìde tún fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kejì tó wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Fálọlá bẹ̀rẹ̀ tì í, kò gbọdọ̀ fa ọmọ náà pẹ̀lú agbára kó má baà fa ìyá rẹ̀ lulẹ̀, ó ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà náà ni ohùn Fátókun wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́dẹ̀dẹ̀: "Àwẹ̀ró, ọmọ a-fọwọ́-amọ̀-gba-ọlá, ọmọ a-pọnmi-fálejò-kó-tó-bèèrè…" Gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. Ó kì í kan baba, ó kì í kan ìyá, ó ti ń pe Akínlóyè kí Fálọlá tó gbé ọmọ kúrò. Àwẹ̀ró sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó sì parí ẹnu àmù. Nígbà tó nàró, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ta ni Akínlóyè yẹn gan-an, Bàbá Fálọlá?"

"N kò mọ̀ ọ́n," ni Fátókun wí. "Mi ò kàn fẹ́ kí o ṣubú ni."

Fálọlá fi aṣọ nu ojú. "Ìyá mi, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Àwẹ̀ró tọ́ka sí Dèjì, tó tún ti ń nawọ́ sí amọ̀ láti apá ìyá rẹ̀. "Èyí ṣubú, amọ̀ ló ṣì ń wò. Kó máa wò ó, ọjọ́ rẹ̀ pọ̀ níwájú. Èmi ṣubú, ẹ̀yìn ni mo wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹsẹ̀ mi he."

Àníkẹ́ gbé àmù náà relé ọkọ, omi inú rẹ̀ sì tutù lẹ́nu rẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Nítorí ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ni àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.