Yàrá Tí Látúndé Gbà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Ìwé

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí láàárín wa. Ṣùgbọ́n ta ni ojú kọ́kọ́ tì kí òwe náà tó jáde? Ó jọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ó dáa, ẹ jókòó.

Látúndé ahunṣọ kò mọ̀wé, ìyẹn sì ń dùn ún wọra. Ó búra pé Morádékẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò ní jogún àìmọ̀wé òun. Ilé ìwé àdúgbò wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá ń ti abẹ́ fèrèsé ilé ìwé kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn, ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń ké ìṣirò. Lójú tirẹ̀, ibi tí ohùn ọmọ bá ti ròkè jù ni tíṣà ti mọṣẹ́ jù. Ní ilé ìwé tó wà ní Agbòyè, àwọn ọmọ ké "Méjì lọ́nà mẹ́ta, mẹ́fà!" títí ewúrẹ́ fi sá. Inú Látúndé dùn débi pé ó fi ilé oníyàrá mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ kọ́ sílẹ̀, ó gba yàrá kan tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé náà.

Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò. "Bàbá Morádékẹ́, ṣé ojú ihò yìí ni ìmọ̀ máa gbà wọlé ni?"

"Ìwọ ṣáà máa wòran. Ìwé ti wọ ilé wa tán."

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará àdúgbò a tẹ́ ẹní síta, wọ́n a kó ọmọ wọn jọ, ìṣirò a tún bẹ̀rẹ̀. Orí Látúndé a gbóná.

"Ẹ̀yin ará ibí, ṣé tíṣà ò ń gbowó oṣù ni? Ẹ jẹ́ ká sinmi!"

Látúndé a sì padà lọ nà gbalaja, Morádékẹ́ a máa lé aláǹgbá kiri àgbàlá.

Nígbà tí sáà parí, wọ́n pe àwọn òbí jọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde, ó ké tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kan Morádékẹ́. Ó lanu, kò rí nǹkan sọ, ó bú sẹ́kún.

Látúndé fò dìde. "Tíṣà, kí lẹ fi ọmọ mi ṣe? Torí yín ni mo ṣe filé bàbá mi sílẹ̀!"

Tíṣà wò ó tìyanu-tìyanu. "Bàbá, òbí àwọn yòókù ló ń kọ́ wọn nílé ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ kì í gbọ́ wọn ni?"

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé ó ń gbọ́ àwọn dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀ ń nu ojú ọmọ. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Bàbá Morádékẹ́. Ẹ ò fún ọmọ lẹ́ṣọ̀ọ́ kankan, ẹ wá ń bá òde jà."

Ojú ti Látúndé, àánú ọmọ rẹ̀ sì ṣe é gidigidi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú Morádékẹ́ lọ́wọ́, ó lọ bẹ àwọn aládùúgbò, ó sì jókòó sáàárín àwọn ọmọ wọn láti kọ́ ohun tí òun náà kò mọ̀. Nígbà tó kàn án láti ké, ó ṣì í, Morádékẹ́ ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, Látúndé kò dìde.

Láti ìgbà náà, bí òbí kan bá ń dá tíṣà tàbí ìlú lẹ́bi nítorí ohun tó yẹ kí ọmọ ti rí gbà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, àwọn àgbà a ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí wọ́n bá pa á fún ọ, má bínú. Lọ tẹ́ ẹní.