Ìgbìmọ̀ Agbọ̀n ti Ìdí-Afọ̀n

Àwọn tó tẹ Ìdí-Afọ̀n dó kì í ṣe ọmọ ìyá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọmọ agboolé kan náà. Alágbẹ̀dẹ wà nínú wọn, ahunṣọ wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí ilẹ̀ baba wọn ti ṣá náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé há mọ́ wọn nínú ìlú, wọ́n ré kọjá kòtò àgbàrá tó wà lẹ́yìn odi, wọ́n sì kọ́lé yí igi afọ̀n ńlá kan ká. Nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ pé baba òun ló ni ilẹ̀, wọn kò fi ẹnikẹ́ni jẹ baálé. Bí iṣẹ́ àdúgbò bá yọjú, ẹni tó bá wù yóò nawọ́, wọn yóò sì fi àwọn tó nawọ́ ṣe ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń ṣe ìpàdé.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Láníhùn ló máa ń jókòó síwájú wọn. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù, ìyẹn ni kí ẹnìkan ti ìpàdé dìde pẹ̀lú ìkùnsínú, nítorí ìjà tó tú agboolé tirẹ̀ ká nínú ìlú, ọ̀rọ̀ tí wọn kò jẹ́ kí ẹnìkan sọ ló dá a sílẹ̀. Òun ló fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ́ sókè fún iṣẹ́ àdúgbò títí gbogbo ẹni tó ní ọ̀rọ̀ yóò fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ kí àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti dára, kí ó tó dé orí tirẹ̀. Àṣà náà kò burú. Òun ni wọ́n fi pín ilẹ̀ láìjà, òun ni wọ́n sì fi ń parí aáwọ̀ orogún. Ó kàn jẹ́ pé ohun tó jẹ́ kánjúkánjú kò tíì bá wọn lálejò rí.

Ilé Ìbídùn ọlọ́ṣẹ ni ohun kánjúkánjú náà kọ́kọ́ wọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìbídùn ní, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró ti lóyún lẹ́ẹ̀kan rí, oyún náà sì wálẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Nígbà tí èkejì dúró, ọkọ rẹ̀, tó ń gbé oko ọ̀nà jíjìn, mú un wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó lè sún mọ́ agbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n inú ìlú ni agbẹ̀bí ń gbé, kòtò àgbàrá sì wà láàárín. Igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo tí wọ́n nà lé kòtò náà lórí ni wọ́n fi ń kọjá. Ọdọọdún ni àgbàrá ń jẹ etí kòtò, igi náà sì ń kúrú sí i.

Ẹfúnkẹ́, agbẹ̀bí, wá wo Àwẹ̀ró nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ. Ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ lókè, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ó tún un tẹ̀. Nígbà tí ó jáde sí ìta ni ó tó sọ̀rọ̀.

“Ìbídùn, ẹsẹ̀ ni ọmọ yìí kọ sísàlẹ̀. Ó lè yí, ó sì lè má yí. Mo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Má ṣe jẹ́ kí Àwẹ̀ró rìn jìnnà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e gba orí igi yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó rí ní oṣù tó kọjá kò tẹ́ mi lọ́rùn.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá? Ṣé ẹ ó lè gba orí igi náà?”

“Lónìí tí ó gbẹ, ìdí ni mo fi wọ́ kọjá. Bí òjò bá ti dé, ẹ má wulẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mi ò sì lè wá jókòó tì yín, nítorí aboyún méjì mìíràn wà lọ́wọ́ mi. Oṣù kan kò ní pé mọ́ tí Àwẹ̀ró yóò fi bí. Ẹ dí kòtò yẹn.”

Láti ọjọ́ náà ni Ìbídùn kò ti sun oorun tó nítumọ̀ mọ́. Ó ń po ọṣẹ, ojú rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ bóyá ó wú, ó ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó funfun.

“Ìyá mi,” Àwẹ̀ró wí fún un ní ọjọ́ kan, “ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ti bi mí láàárọ̀ yìí pé ṣé mo ti jẹun. Ọmọ tó wà nínú yìí á rò pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láyé.”

“Ṣé o ti jẹ ẹ́ tán?”

“Mo ti jẹ ẹ́ tán.”

“Ó dáa. Mo kàn bi ọ́ ni.”

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, Ìbídùn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé. Kò sí ẹni tó takò ó. Àwọn ọkùnrin mi orí, àwọn obìnrin ń sọ pé àwọn ti ń wí i. Wọ́n ní yangí ni kí àwọn wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, kí àwọn fi dí kòtò náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nawọ́, wọ́n sì pín ara wọn sí méjì: Ìgbìmọ̀ Ọkọ́ tí yóò wa yangí, àti Ìgbìmọ̀ Agbọ̀n tí yóò kó o dé etí kòtò. Òjélàdé ahunṣọ ló nawọ́ pé òun yóò ṣíwájú Ìgbìmọ̀ Agbọ̀n. Onínúure ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá kí ọ, wàá wo ẹ̀yìn bóyá olóyè kan ló ń bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ agbọ̀n. Ẹnìkan ní agbọ̀n tí àwọn ọlọ́ṣẹ fi ń kó eérú yóò dára. Ẹnì kejì kí i, ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún, ṣùgbọ́n eérú a máa jẹ okùn agbọ̀n. Ẹnì kẹta kí àwọn méjèèjì, ó sì dábàá kí wọ́n yan àwọn mẹ́ta nínú Ìgbìmọ̀ Agbọ̀n tí yóò lọ máa wo okùn. Ẹnì kẹrin kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oòrùn wọ̀, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní ìpàdé kejì, Ìgbìmọ̀ Ọkọ́ ní àwọn ti rí ibi tí yangí pọ̀ sí, àwọn sì ti wa díẹ̀, àwọn ń retí agbọ̀n. Òjélàdé dìde. Ó kí Bàbá Láníhùn, ó kí Ìgbìmọ̀ Ọkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí àwọn ìyá. Ó sọ bí ìṣọ̀kan ti dára tó. Ó sọ bí àwọn ìlú mìíràn yóò ti máa wá wo Ìdí-Afọ̀n kọ́ṣe. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń mi orí sí i.

“Òjélàdé,” Ìbídùn wí láti ibi tó jókòó sí, “agbọ̀n ńkọ́?”

“Agbọ̀n?” Òjélàdé wò yí ká. Gbogbo ojú tó ń yìn ín láti àárọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ní in lọ́kàn láti kó agbọ̀n jọ ní ọ̀la, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. “Agbọ̀n ti kún, Ìyá Àwẹ̀ró. Ogún agbọ̀n yangí ló wà létí kòtò báyìí.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn mẹ́fà dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdúpẹ́ náà ló sì gba ìyókù ọjọ́. Nígbà tí Ìbídùn délé, ó jẹun àjẹyó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó ránṣẹ́ sí Ẹfúnkẹ́ pé kí ó fọkàn balẹ̀, kòtò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó se ẹ̀wà, ó gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni. Agbọ̀n kan ṣoṣo ló wà létí kòtò, lábẹ́ igbó, adìyẹ kan sì sàba lé ẹyin nínú rẹ̀. Adìyẹ náà tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló wá yọ òun lẹ́nu nílé òun. Ìbídùn sọ ẹ̀wà kalẹ̀. Ó fi koríko tẹ́ ibì kan fún adìyẹ, ó kó ẹyin rẹ̀ síbẹ̀, ó gbé agbọ̀n náà, ó sì lọ bu yangí kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ó rù ú wá, ó dà á sínú kòtò. Kò hàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá lójoojúmọ́ títí ọjọ́ ọjà fi pé, ọrùn rẹ̀ sì le bí igi. Ìsàlẹ̀ kòtò kàn pọ́n díẹ̀ ni. Ojú ọ̀run ti ń ṣú láti ìhà ìlà-oòrùn.

Ó gbé agbọ̀n náà lọ sí ìpàdé. Òjélàdé rí i, ó sì gbé ojú kúrò. Ẹni àkọ́kọ́ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ènìyàn. Ìbídùn rìn lọ bá a, ó sì gbé agbọ̀n sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ gan-an.

“Kí lèyí, Ìyá Àwẹ̀ró?”

“Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa sọ ọ́ síbí.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà sọ tirẹ̀ tán, ó jókòó. Ẹnì kejì dìde, Ìbídùn gbé agbọ̀n síwájú rẹ̀. Ẹnì kẹta, bákan náà. “Ọ̀rọ̀ òde òní mà gba àwo,” ìyàwó alágbẹ̀dẹ wí, ẹ̀rín tún sọ. Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó kan Òjélàdé, ó ní òun kò ní ọ̀rọ̀ kankan.

Ìbídùn wá ká ìborùn rẹ̀ ní òṣùká, ó fi lé orí, ó sì gbé agbọ̀n náà kalẹ̀ síwájú Bàbá Láníhùn.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e rù mí. Mo fẹ́ lọ dà á sínú kòtò.”

Ọwọ́ àgbà ti mọ bí a ti ń gbé ẹrù ru obìnrin. Láníhùn kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ orúnkún, ó di etí agbọ̀n mú, ó mí sínú, ó sì fi gbogbo agbára gbé e. Agbọ̀n náà fò fẹ̀ẹ́, ó ré kọjá orí Ìbídùn, baba náà sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sẹ́yìn. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n tètè dì í mú, ìdí ni ì bá fi jókòó.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn.

“Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀,” Láníhùn wí.

“Mo rò pé ó ti kún ni, Bàbá,” Ìbídùn dáhùn. “Ẹni mẹ́sàn-án ló sọ ọ́ síbẹ̀ lónìí nìkan. Ọmọ mi wà nílẹ̀, òjò ti ṣú.”

Bàbá náà dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀, ó mú agbọ̀n, ó gbé e lé orí ara rẹ̀.

“Àwọn tí kò tíì sọ̀rọ̀,” ó wí, “ẹ má bínú. Ẹ máa sọ ọ́ bọ̀ lọ́nà.”

Ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Kò sí ẹni tó lè jókòó kí Bàbá Láníhùn máa ru yangí. Wọ́n tú jáde, agbọ̀n eérú, agbọ̀n ẹ̀gẹ́, apẹ̀rẹ̀ àti igbá, ohun tó bá wà nílé ni wọ́n gbé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Òjélàdé ló kọ́kọ́ ń débẹ̀ láàárọ̀, òun ló ń kẹ́yìn kúrò, bí wọ́n bá sì pàdé rẹ̀ lọ́nà, ojú ló fi ń kí wọn, nítorí yangí wà lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin ni òjò dé, òjò náà ló sì gbé ìrọbí Àwẹ̀ró wá. Omi ń ṣàn lórí yangí náà, ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ le. Ẹfúnkẹ́ fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà, ó rọra rìn ín kọjá. Ọmọ náà kò yí padà. Ẹsẹ̀ ló fi wá, orí rẹ̀ sì há fún ìgbà pípẹ́. Ẹfúnkẹ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i díẹ̀, ó fà á. Ìgè sunkún. Àwẹ̀ró bi ìyá rẹ̀ léèrè pé, “Ìyá mi, ṣé ẹ ti jẹun?”

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí Òjélàdé wí nǹkan. Ó dìde, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́,” ó sì jókòó. Ìdí-Afọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kárí ilẹ̀ Yorùbá, tí ó fi jẹ́ pé bí ìpàdé bá ti ń gùn tí iṣẹ́ kò sì lọ síwájú, àgbà kan á fà á yọ pé: ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, irọ́ ní í mú wá.