Fèrè Méjì Tí Ohùn Wọn Ń Gbọ̀n

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, ó la odò, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà abà Àparò. Bí ìyá bàbá mi ṣe pa á gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń pa á.

Ọ̀dá dá nígbà kan. Ẹ̀pà irúgbìn gbogbo ẹranko ku agbọ̀n kan péré. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, kò sí ohun tí wọn yóò gbìn. Wọ́n ní kí Àparò máa ṣọ́ ọ, kó má sì ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kankan, àfi Àdàbà tó ń wá yẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́.

Wọ́n gé fèrè méjì lára ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fún wọn. Ti Àdàbà fi díẹ̀ kúrú ju ti Àparò lọ, díẹ̀ náà kò ju bí èékánná ṣe nípọn. Bí wọ́n bá fọn ọ́n pọ̀, ohùn wọn kì í jẹ́ ọ̀kan, kì í sì í jẹ́ méjì. Ńṣe ni yóò máa gbọ̀n rìrì láàrin wọn, bí omi inú igbá. Àmì wọn nìyẹn.

Òkété ń ṣọ́ wọn. Ó lọ kí Àparò lọ́sàn-án, ó yin fèrè rẹ̀, ó sì yọ́ fi koríko wọ̀n ọ́n. Ó gé tirẹ̀ bákan náà, kò fi irun kan yàtọ̀. Ẹ̀yin náà ń gbọ́: ti Àparò ló wọ̀n o.

Nírọ̀lẹ́, ó ṣáájú Àdàbà débẹ̀. Ó gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Àparò, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi o,
*Fèrè méjì ń gbọ̀n rìrì.*
Èmi Àdàbà ni mo dé o,
*Fèrè méjì ń gbọ̀n rìrì.*
Ẹ̀pà ni mo wá yẹ̀ wò o,
*Fèrè méjì ń gbọ̀n rìrì.*

Ó fọn fèrè. Àparò fọn tirẹ̀ nínú ilé. Ohùn náà lọ gbọọrọ bí okùn. Àparò ní kó tún un fọn. Bákan náà ni.

“Àdàbà, tèmi nìkan ni mò ń gbọ́. Tìrẹ dà?”

“Ẹ̀gbọ́n, ohùn wa ló bára mu lónìí.”

“Kò bára mu rí. Ta ló bá fèrè méjèèjì parí ìjà?”

Òkété ní òtútù ló mú fèrè òun. Àparò ní kò burú. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó ní kó na ìrù wọlé, kí òun fẹnu kan ìyẹ́ rẹ̀. Òkété ti mú ìyẹ́ àdàbà kan dání. Ó so ó mọ́ ìrù, ó nà án wọlé. Àparò fa ìyẹ́ náà, ó já. Ó wá òmíràn, kò rí. Ó bá pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ìrù náà.

Àdàbà dé, ó fọn fèrè. Àparò dá a lóhùn. Afẹ́fẹ́ gbọ̀n rìrì. Ìgbà yẹn ni Òkété ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí koríko kò lè wọ̀n. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹranko tí Àdàbà ké pè, tí wọ́n ń bọ̀, ó fi agbára fa ara rẹ̀ yọ, awọ ìrù rẹ̀ sì bó láti àárín dé ṣóńṣó.

Òjò rọ̀, wọ́n gbin ẹ̀pà, ó hù. Láti ọjọ́ náà ni ìrù Òkété ti dúdú nídìí, tó sì funfun ní ṣóńṣó. Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ dé. Ẹni tó bá rò pé mo bù mọ́ ọn, kó lọ wo ìrù Òkété.