Òfin Tí Ẹlẹ́ja Ṣe

Ọkùnrin kan wà tó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìkòròdú. Òun ló dá ìkànnì kan sílẹ̀ lórí ayélujára fún àwọn ẹlẹ́ja bíi tirẹ̀, kí wọ́n lè máa bi ara wọn ní ohun tó bá rú wọn lójú. Wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀, ìjà wọn sì pọ̀ jù wọ́n lọ.

Bí ẹnì kan bá béèrè iye ìgbà tí ẹja ń jẹun lóòjọ́, ẹni àkọ́kọ́ á dáhùn, ẹni kejì á ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni kẹta á ti kan bàbá tó bí wọn. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ti ń sin ẹja láti ogún ọdún. Ó sọ fún ẹnì kan pé oúnjẹ tó ń fún ẹja rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èsì tó gbà ni pé, "Ìyá àgbà, ẹ lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ yín, ẹ fi ẹja sílẹ̀ fún àwa tójú wa ṣì ríran." Ogójì ènìyàn ló rẹ́rìn-ín sí i. Obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ yẹn dun òun. Wọ́n tún fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ẹjọ́ sun ọkùnrin yìí, títí ó fi sú u. Èmi ò dá a lẹ́bi pé ó sú u. Ta ni kò ní sú? Àmọ́ wo ohun tó ṣe. Kò pe ẹni tó bú ìyá náà. Gbogbo wọn ló ṣòfin fún: láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnìkejì òun kò tọ̀nà. Ẹni tó bá gbà, kó kọ "ẹ ṣeun". Ẹni tí kò bá gbà, kó panu mọ́.

Ìkànnì náà bá tòrò. Ẹ ṣeun níhìn-ín, Ọlọ́run á bùkún yín lọ́hùn-ún. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹja tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sókè omi, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́. Ẹgbàá ẹja ni. Orí wọn ni oúnjẹ ilé rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ dúró lé. Ó ya àwòrán wọn, ó gbé e sórí ìkànnì, ó ní kí wọ́n gba òun. Ẹnì kan ní kó da oògùn sí i, kó má sì pààrọ̀ omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí oògùn lè ráyè ṣiṣẹ́. Àádọ́rin ènìyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ onímọ̀ràn. Ọkùnrin náà ka ọpẹ́ wọn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó da oògùn. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, gbogbo ẹja ti léfòó, wọ́n kọ ikùn sókè.

Ó pe obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. "Mà, ṣé ẹ ò rí àwòrán tí mo gbé síbẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Omi ló bàjẹ́. Ká ní o pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, wọn ì bá yè."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Mo kọ ọ́ tán, mo rántí òfin rẹ, mo pa á rẹ́. Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n bú mi, mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Ìwọ lo pa mí lẹ́nu mọ́."

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí, tó o ní àwọn ará ìkànnì yín ti sú ọ, tó o fẹ́ ti gbogbo wọn lẹ́nu pa, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó ní "ohun tó o sọ kò tọ̀nà" yàtọ̀ sí ẹni tó ní "orí rẹ kò pé." Èwo ló ṣòro níbẹ̀? Pe ẹni tó bú ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bá a wí; bí kò bá gbọ́, yọ ọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni, ó sì ń súni. Bí o ò bá lè ṣe é, gbé ìkànnì náà fún ẹlòmíràn. Àmọ́ kó o tó ṣòfin kankan, ta ni wọ́n ti bú níbẹ̀ tí o ò tíì bẹ̀? Lọ pè é lónìí.