Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Ń Ṣọ́ Ilé Ohùn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró dè mí. Ọdẹ́jìnmí lorúkọ mi, ọmọ Òkè-Àparò ni mí, níbi tí àwọn baba wa ti ń pa ẹfọ̀n kí títì ọlọ́dà tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa fóònù yín, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn, n kò sì ní tún un sọ.

Nílùú wa, bí ọdẹ bá kú, a ó sun ìrèmọ̀jé fún un, a ó sì jẹ́ kí àwọn ọdẹ tó ti lọ ṣáájú bá wa gbè é. A ti gba ohùn ìjálá wọn sínú kọ̀ǹpútà tó wà ní gbọ̀ngàn ọdẹ, fáìlì kọ̀ọ̀kan fún òkú kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn nínú àpò kan tí à ń pè ní Ilé Ohùn. Ohùn Ọdẹ́níyì, ọmọ mi, wà níbẹ̀. Ejò ló ṣán an pa kó tó gbéyàwó. Kò fi ọmọ sílẹ̀, kò kọ́ ilé, ohùn yẹn nìkan ló kù fún mi láyé, àràárọ̀ ni mo sì ń lọ gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, àwọn ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Moróunrántí, obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà, wá mi wá sóko, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀dà tí a ṣe pàápàá ń lọ, torí inú ilé kan náà la kó wọn sí. Mo ti fi aṣọ́lé kan síbẹ̀, àmọ́ ńṣe ló kàn ń sọ ohun tó bá yí padà. Kò lè mú olè."

"Bó bá ti lè sọ ọ́, èmi á yìnbọn fún olè náà."

Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká, mo pe ọ̀rọ̀ tí baba mi kọ́ mi, mo sì gba ojú dígí kọ̀ǹpútà náà wọlé bí ẹni ń gba ojú ọ̀nà oko. Ẹ̀yin èèyàn mi, igbó ni ibẹ̀! Igbó tí kò léwé, tó jẹ́ pé ilé ló kún un, ilé nínú ilé, yàrá nínú yàrá. Lẹ́nu ọ̀nà Ilé Ohùn, ọ̀kẹ́rẹ́ kan jókòó, òun ni aṣọ́lé tí Moróunrántí fi síbẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ọdẹ, ẹ kú ìrìn," ó ní. "Ohun tí mo mọ̀ ọ́n sọ ni: ó wọlé, ó yí padà, ó ṣí lọ, ó parẹ́. N kì í lé ẹran, n kì í bu nǹkan jẹ. Ibo lẹ fẹ́ kí n máa wò?"

"Ilé Ohùn yìí ni, ọmọ mi."

"Ó ti yé mi."

Mo fi òrùlé ilé ọ̀kánkán ṣe ègùn, ibi gíga tí ọdẹ ti ń dọdẹ ẹran, mo dojú ìbọn kọ ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ figbe ta: "Yàrá tuntun kan wọlé, inú Ilé Ohùn!" Mo di ìbọn mú ṣinṣin. Ó tún ké: "Ohùn Ọdẹ́níyì ṣí lọ, ó bọ́ sí yàrá tuntun!" Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ní Òkè-Àparò, bí ajá ọdẹ bá gbó tó sì dákẹ́ lójijì, ẹran ti wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, jíjókòó là ń jókòó kó gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo jẹ obì. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń mirí, ṣé ẹ̀yin ò ní jókòó ni?

Nígbà tí obì tán lẹ́nu mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbi tó wà, ẹnu rẹ̀ ṣófo.

"Ẹran dà?"

"Ẹran wo, Bàbá?"

"Kí ló dé tó o dákẹ́?"

"Ilé Ohùn lẹ ní kí n máa wò, òun náà ni mo ń wò. Ẹ ò ní kí n wo yàrá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, n kò rí i."

Mo fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí. Akika kan wà níbẹ̀, ó ń fi ìrù gbálẹ̀, ilẹ̀ sì ti mọ́ tónítóní.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ó ní. "Ohun tẹ́nikẹ́ni kò fọwọ́ kàn mọ́ ni mo máa ń kó síbí, kí n tó gbá a dànù."

"Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ohùn ọmọ mi!"

"Ẹ ń gbọ́ ọ ni, ẹ ò yí i padà. Ẹni tó bá ń gbọ́ lásán kì í fi àmì sílẹ̀ fún wa. N kò mọ̀ pé ẹ wà."

Mo yìnbọn. Ọta ta dànù lára ìpẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ bínú. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní, "bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pa mí, ohun tí mo ti gbá kò ní padà wá." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Kí n tó kúrò, mo ní kí ọ̀kẹ́rẹ́ máa wo yàrá náà. Ó ní ó ti yé òun. Ó ń wò ó títí dòní, kò rí nǹkan kan sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fi ẹnìkan ṣọ́ nǹkan fún yín, ẹ ka yàrá tí a kò tíì kọ́ mọ́ ohun tí yóò máa ṣọ́, bó bá sì dákẹ́, ẹ sáré. Èmi ti mọ̀ ọ́n báyìí, àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi í ṣọ́? Mò ń lọ sílé, ẹ sùn ire. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń sun ìrèmọ̀jé tèmi, tó bá kan ibi tí ọmọ mi yẹ kó ti gbè é, ẹ má dúró de kọ̀ǹpútà, ẹ máa bá tiyín lọ.