Bí Ìdúró Ṣe Fọ́ Ìkòkò Gbádébọ̀

Bí ẹnì kan bá la ohun tó le já, tó wá kọsẹ̀ nídìí ohun tó rọrùn, àwọn ará Ọ̀dánjọ a mi orí, wọn a ní: "Ìrìn kọ́ ló fọ́ ìkòkò Gbádébọ̀, ìdúró ni." Ọ̀rọ̀ yìí dà mí láàmú púpọ̀. Pé ìkòkò fọ́ lọ́nà, ìyẹn yé mi. Báwo wá ni ìdúró ṣe ń fọ́ ìkòkò? Mo bi bàbá mi, ó ní bí òun náà ṣe bá a nìyẹn. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni mo tó gbọ́ àgbọ́yé.

Ọlọ́kadà ni Gbádébọ̀. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọṣẹ́; ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó fẹ́ fi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn ṣaya, Ìbídùn náà sì fẹ́ ẹ dénú. Bàbá Ìbídùn nìkan ló kù tí kò tíì gbà. Ìyá Ìbídùn a máa ra ìkòkò ní Òkè-Amọ̀, abúlé àwọn amọ̀kòkò, wá tà ní Ọ̀dánjọ. Orí ni wọ́n fi ń rù ú, torí pé àpáta ló kún ọ̀nà ibẹ̀. Alùpùpù tó bá gba ibẹ̀, àpáta a máa gbá a nínú, ìkòkò a sì fọ́ mọ́ ọlọ́kadà lẹ́yìn.

Bàbá Ìbídùn wo Gbádébọ̀ títí, ó ní, "Wọ́n ní eré lo máa ń sá ṣáá. Gbé ìkòkò mẹ́fà láti Òkè-Amọ̀ wá síwájú ilé yìí. Bí ọ̀kan ò bá fọ́, mo gbà pé o lè tọ́jú ọmọ mi."

Gbádébọ̀ gba ọ̀dọ̀ Ṣítù lọ, ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe, tó sì ń jó irin. "Bọ̀dá Ṣítù, ẹ bá mi gbé alùpùpù yìí sókè, kí ikùn rẹ̀ lè máa ré àpáta kọjá."

Ṣítù fi sípíríǹgì gígùn sí i níwájú àti lẹ́yìn, ó sì gé sítáǹdì àárín kúrò kó má bàa máa kọ́ òkúta. Alùpùpù ga débi pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni Gbádébọ̀ fi ń kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ gbé e dúró, ó dẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ìjà alájọgbé.

"Gbádé, ó ku ibì kan," ni Ṣítù wí. "Ara ti ga, ẹsẹ̀ ò tíì ga. Iná ò sí lónìí. Padà wá lọ́la kí n jó irin mọ́ ọn."

"Ṣé ìdúró ni mo ra alùpùpù fún ni?"

"Èyí tó ń rìn náà ló ń dúró o."

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbéra. Láti ọjọ́ náà, igi ló ń fi í tì.

Lọ́jọ́ tó lọ kó ìkòkò, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ó fi ewé gbígbẹ wé wọn, ó di mẹ́ta sọ́tùn-ún, mẹ́ta sósì. Ó gun àpáta, ó sọ̀ kalẹ̀, àpáta kankan ò kan ikùn alùpùpù. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, kò sọ̀ kalẹ̀, nítorí kò rígi tó lè fi alùpùpù tì. Nígbà tó fi máa wọ Ọ̀dánjọ, orin ló ń kọ.

Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé àwọn Ìbídùn ló ní lọ́kàn. Àfi bó ṣe dé tó bá bàbá àti ìyá Ìbídùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tí wọ́n jókòó dè é. Ta ló ń kọjá lójú àna lọ wági? Ta ló sì ń fọwọ́ kan di alùpùpù mú kí àna? Gbádébọ̀ ta sítáǹdì sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kúulé o, Bàbá. Ẹ kúulé, Ìyá."

Inú bàbá dùn. Ó rí ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àna kò sì gbọdọ̀ dìde àfi bí wọ́n bá ní kó dìde.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọ̀nà ò ní nà ọ́."

"Àmín, Bàbá."

Gbádébọ̀ gbọ́ tí irin ń han lẹ́yìn rẹ̀. Sítáǹdì ti ń rì. Ìbídùn rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó lanu, ṣùgbọ́n ta ló ń já lu àdúrà baba ẹni?

"Wàá rí ṣe. Wàá dàgbà, wàá dògbó. O ò ní ṣubú o . . ."

Gbàgà! Alùpùpù balẹ̀. Ìkòkò mẹ́rin fọ́ sí wẹ́wẹ́, méjì sán.

"Bàbá, láti Òkè-Amọ̀ débí, ọ̀kan ò fọ́!" ni Gbádébọ̀ ké láti ilẹ̀ tó wà.

Ìyá Ìbídùn ló dá a lóhùn. "Bó o ṣe rìn ò ṣojú wa, ọmọ mi. Bó o ṣe dúró ló ṣojú wa."

Bàbá ní, "Máa lọ ná. Ìgbà tó o bá ní ẹsẹ̀ tó o lè fi dúró, kó o padà wá."

Ojú ti Gbádébọ̀, ó sì bà á nínú jẹ́ gidigidi. Tòun ti omi lójú ló dé ọ̀dọ̀ Ṣítù. Ṣítù ò bú u. Ó ní kó di òkúta mọ́ alùpùpù kóun tó wọn ohunkóhun, torí pé ẹrù máa ń tẹ sípíríǹgì wálẹ̀. "Bí mo bá jó o gùn jù," ló wí, "yóò dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò tì í ṣubú sí òdìkejì." Ó fi irin tó tó ìka kan kún un, ó sì jó pẹlẹbẹ irin fífẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má bàa rì mọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Gbádébọ̀ tún kó ìkòkò mẹ́fà dé. Ó ta sítáǹdì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fà á gùn. Kò sẹ́ni tó wo Gbádébọ̀; gbogbo ojú wà lára alùpùpù. Nígbà tó kan "O ò ní ṣubú," bàbá dánu dúró, ó na ọrùn wò ó.

Alùpùpù dúró.

"Àmín!" ni gbogbo ilé ké.

"Dìde, àna mi," ni bàbá wí.

Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ti dìyá àgbà báyìí, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè sọ ọ́ tán. Nítorí náà, bí o bá rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ga, tí gbogbo ayé ń yìn ín, rọra wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Ìrìn kọ́ ló fọ́ ìkòkò Gbádébọ̀, ìdúró ni.