Olùgbàlejò Tó Kan Pátákó Mọ́kànlá

Ọkùnrin kan wà tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ akẹ́rù ní apá àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún lọ́kàn, ìyẹn ni orúnkún ìyàwó rẹ̀. Làkúrègbé ti wọ obìnrin náà léegun. Bí òtútù bá ti dé, orúnkún rẹ̀ méjèèjì a wú, ọ̀pá ni á sì máa fi rìn láti orí ibùsùn dé ilé ìdáná. Dókítà sọ fún wọn pé oòrùn ló máa ṣe ohun tí oògùn ò lè ṣe, pé bí wọ́n bá rí ibi tó móoru lọ lásìkò òtútù, kí wọ́n tètè lọ.

Wọ́n ra ọkọ̀ ńlá kan tó ti gbó díẹ̀, irú èyí tó ní ibùsùn, ààrò àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, tí èèyàn lè máa gbé bí ẹni ń gbé ilé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ríbi dúró sí, àwọn ibùdó tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí níbi tó móoru sì wọ́n ju agbára wọn lọ. Ọ̀rẹ́ wọn kan ló ta wọ́n lólobó pé àwọn ibùdó kan ń wá ẹni tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti gba àlejò. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, àmọ́ wọ́n á fún olùgbàlejò láyè, omi àti iná lọ́fẹ̀ẹ́ títí òtútù á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ọkùnrin yìí kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn èèyàn púpọ̀. Rántí gbólóhùn yẹn o.

Wọ́n gbà á. Wọ́n fún un láyè àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, lábẹ́ igi ńlá kan, wọ́n sì kan pátákó sí iwájú rẹ̀ pé OLÙGBÀLEJÒ Ń GBÉ NÍBÍ. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ fi gbé ọ̀pá tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé etí adágún omi, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà, ó ń kọrin lábẹ́ ètè. Ọkọ rẹ̀ rí i lókèèrè, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àlejò wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Níbo ni ilé ìwẹ̀ wà? Igi ìdáná dà? Ẹnì kan ò mọ bó ṣe máa fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ àyè rẹ̀. Ajá ẹnì kan sọnù, wọ́n wá a títí, abẹ́ ọkọ̀ onítọ̀hún gan-an ló sùn sí. Arúgbó obìnrin kan wá béèrè ìgbà tí oòrùn máa wọ̀, àfi bí ẹni pé ọkùnrin yìí ló ń bá oòrùn palẹ̀ mọ́. Bó bá sì dá wọn lóhùn tán, wọ́n á tún padà wá béèrè ohun kan náà. Lọ́jọ́ kan, ó ro ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ ilá sí i, èèyàn mẹ́rin ló kanlẹ̀kùn kó tó gbé òkèlè àkọ́kọ́ dé ẹnu. Ẹ̀bà tutù, ilá dì. Inú bí i dé góńgó, ó ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá ẹrú ni wọ́n fi òun ṣe níbí.

Ọjọ́ yẹn ló kan pátákó tirẹ̀ àkọ́kọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má kanlẹ̀kùn láti aago méjìlá ọ̀sán sí aago mẹ́rin. Ó dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹta, ó kan òmíràn, pé ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìn, kí ẹni tó bá lójú wò ó. Òmíràn sọ pé òun kọ́ ló ni ajá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní ọdún máa fi dé ìdajì, pátákó mọ́kànlá ló yí ọkọ̀ náà ká, bí oko tí olóko pààlè sí.

Ìyàwó rẹ̀ ni ì bá máa jáde lọ fi ọ̀nà han àwọn àlejò, bó ti máa ń ṣe látìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti sàn. Ọkọ ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé obìnrin náà ló ń kẹ́ wọn bà jẹ́.

"Bàbá Ọláìtán," ni obìnrin náà wí, "àlejò lójú, kò fi ríran. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ká wà níbí."

Ọkọ dáhùn pé ẹ̀bà ìyàwó òun kọ́ ló ń tutù. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọkùnrin yìí ti ń lá oyin, síbẹ̀ ó ń sunkún àáké.

Ilẹ̀kùn wá dákẹ́ lóòótọ́. Onímọ́tò kan dé ẹnu ọ̀nà, ó ka pátákó mẹ́ta, ó yí orí ọkọ̀ padà. Ọkùnrin yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn, ó sì jẹ ẹ̀bà rẹ̀ ní gbígbóná.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí bàbá olórí funfun kan tó ń ka àwọn pátákó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn. Ìyàwó ní kí ọkọ ṣílẹ̀kùn. Ọkọ ní ìbéèrè náà ló tún gbé dé, aago mẹ́rin ò sì tíì lù. Ìyàwó bu omi tútù sí ife, ó ní kí òun kúkú gbé e jáde fún un. Ọkọ ní kó gbé e sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá sì ni ọkùnrin yìí o, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, omi ni àlejò máa kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó bi í pé kí ló bá wá. Ó fa kọ́tìnì, ó sì sùn.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó ṣílẹ̀kùn. Bàbá náà dìde, ó kí i jẹ́jẹ́. Òun ni alábòójútó gbogbo ibùdó agbègbè yẹn, orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ara wọn tẹ́lẹ̀.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mú wá," ni bàbá náà wí. "Àwọn àlejò tó kọ́kọ́ dé kọ̀wé sí wa pé ìyàwó yín gba àwọn bí ọmọ ìyá. Mo fẹ́ béèrè bóyá kí a máa fi àyè yìí pa mọ́ fún yín lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó síbí fún wákàtí mẹ́rin, mo sì ti rí ìdáhùn kà."

Ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀. Ó dárúkọ orúnkún ìyàwó rẹ̀. Bàbá náà wo obìnrin tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó tún ti gbé ife omi náà dání, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Àmọ́ ó ní ọkọ̀ méjì péré ló kù nínú ibùdó tó máa ń kún dẹ́nu, àti pé orí bẹ́ǹṣì yẹn lòun ti fi fóònù pe tọkọtaya mìíràn kí wọ́n wá gba iṣẹ́ náà lópin ọ̀sẹ̀. Ó gba omi náà mu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló tú pátákó ńlá iwájú, èyí tí wọ́n kọ olùgbàlejò sí, ó gbé e lọ. Ó fi mọ́kànlá yòókù sílẹ̀ fún ẹni tó ni wọ́n.

Wọ́n kọrí sí àríwá. Lọ́jọ́ kejì, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lu gíláàsì ọkọ̀. Obìnrin náà ò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn ń fi ọwọ́ méjèèjì pa orúnkún, nígbà tí wọ́n sì dúró láti ra epo, ó ní, "Bàbá Ọláìtán, ẹ bá mi mú ọ̀pá mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó fipá mú ọ. Ìwọ lo nawọ́ sókè nínú ìpàdé pé o fẹ́ máa gba ẹni tuntun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa, a sì fi báàjì sí ọ láyà. Láti ìgbà náà, àròyé rẹ ti sú mi, kí n má tàn ọ́. O ní wọ́n ń pẹ́ dé, wọ́n ń béèrè ìbéèrè jù, ọmọ wọn ń ké. Ta lo rò pé ó máa wá, ẹni tó ti mọ ibi gbogbo? Obìnrin tó bi ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kan pé ibo lòun máa gbé ọmọ òun sí, tí o sì nawọ́ sí ìwé ara ògiri, kò padà wá mọ́. Mo mọ ilé rẹ̀, màá júwe rẹ̀ fún ọ. Lọ kanlẹ̀kùn fún un lónìí, bí kò bá sì tètè ṣí i, jókòó níta kó o dúró dè é.